Èèkàn Tútù

Ọ̀sán ọjọ́ tí Bàbá Kanlẹ̀ pinnu pé òtítọ́ gbọ́dọ̀ jáde, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó rọra tẹ́ ara rẹ̀ sórí ibùsùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tó ti wú. Dókítà ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé kó kàn máa tọ́jú rẹ̀ nílé báyìí. Ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló fi sọ ọ́, àmọ́ etí bàbá náà kò bá ara yòókù ṣàìsàn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kí ìyàwó òun fi ìrọ̀rí kan kún èyí tó wà lẹ́yìn òun.

"Ìyá wọn," ó ní, "ọ̀rọ̀ kan wà níkùn mi tí mi ò ní gbé wọ sàréè. Òní ni mo fẹ́ sọ ọ́. Mo ti ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n wo?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í, bí ẹni pé wọ́n pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ló ní láyé, ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n sì rèé tí kò ti bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n sin ìyá tó bí àwọn méjèèjì, òun dúró lápá ọ̀tún, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró lápá òsì, wọn ò sì wo ojú ara wọn.

Kanlẹ̀ kì í ṣe orúkọ tí wọ́n sọ bàbá náà nígbà tí wọ́n bí i. Iṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Fífi igi sí àáké, sí òòlù àti sí ọkọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀ láti ìgbà èwe. Yóò gbẹ́ èèkù títí yóò fi wọ ihò irin náà ṣinṣin, yóò fi ayùn la orí èèkù ọ̀hún díẹ̀, yóò wá gbá èèkàn pẹlẹbẹ kan sójú ibi tó là, kí igi lè fẹ̀ nínú irin kó sì dì í mú. Lẹ́yìn náà ni yóò na àáké ró, tí yóò fi ìdí èèkù rẹ̀ kan ilẹ̀ símẹ́ńtì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kọ́, kọ́, kọ́, tí yóò sì dẹ etí sí i. Bí kò bá dún bó ṣe fẹ́, yóò tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, kódà kí oníbàárà máa fapá jánú níwájú rẹ̀. Ọdún kan gbáko ni igi tó fi ń ṣe èèkàn máa ń lò lórí àjà kó tó fọwọ́ kàn án, torí igi tútù máa ń sún kì tó bá gbẹ, èèkàn tó bá sì ti sún kì kò di nǹkan kan mú mọ́. Àwọn ènìyàn a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé èèkàn Kanlẹ̀ ń pẹ́ lórí àjà ju oyún lọ nínú. Inú rẹ̀ a sì máa dùn tó bá gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ dé. Lagilagi ni wọ́n ń pè é nígbà tó ṣì ń la igi, orúkọ náà kò sì fi í sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé géètì iléeṣẹ́ kan ló ti ń ṣọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó bọ́ fìlà mú lọ́wọ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní, "Ẹ kú ilé o." Àbúrò rẹ̀ kọjú sí tábìlì oògùn, ó ń to àwọn ìgò tó ti tò tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó," ni Bàbá Kanlẹ̀ wí.

"Ìdúró náà dáa."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ohun tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ohun téèyàn ń gbọ́ lóòró."

Lagilagi fi ìdí lé etí àga. Bàbá Kanlẹ̀ pa ojú dé díẹ̀, ó dà bíi pé oòrùn orí ibùsùn yẹn ń gbé e lọ síbì kan, ó sì jẹ́ kó gbé òun lọ. Nígbà tó la ẹnu, orí oorun ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ó ní lọ́sàn-án ọjọ́ kan báyìí, lọ́dún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń run igi tútù, èérún igi sì ti pọ̀ nílẹ̀ débi pé ẹsẹ̀ ń rì sínú rẹ̀. Òun ní kí òun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Díẹ̀ yẹn di oorun, oorun yẹn sì dùn bí èyí tí òun kò sùn rí. Òun rí ara òun nínú odò kan tó mọ́ kedere, omi náà gbé òun dání bí ìyá ṣe ń gbé ọmọ, ẹnì kan sì ń súfèé létí odò. Ohùn Lagilagi ló jí òun láti òpópónà: "Kanlẹ̀! Àáké mi ńkọ́? Ọ̀la ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ o!"

"Mo ti fi èèkù sí i," ni Bàbá Kanlẹ̀ wí, "èèkàn nìkan ló kù. Orí àjà sì ni igi gbígbẹ wà. Àkàbà wà lára ògiri. Àtẹ̀gùn méjìlá ni. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń fi ojú kà á. Oorun ṣì wà lójú mi, ó ń dùn mọ́ mi, mi ò fẹ́ kó dá. Ẹ gbọ́ mi? Mi ò fẹ́ kó dá. Ọ̀lẹ, ọ̀lẹ paraku ni mí lọ́jọ́ yẹn."

Ó ní ẹ̀ka igi tútù kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun tí òun bó èèpo rẹ̀ láàárọ̀. Òun gé níbẹ̀, òun gbẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, òun gbá a wọlé. Lagilagi ti wọ inú ilé lọ kí àbúrò rẹ̀, ó ń jẹun, ó ń ṣàwàdà, ìyàwó òun ń rẹ́rìn-ín tí gbogbo ilé ń gbọ́. Òun ki orí àáké bọ inú àgbá omi, òun fi í síbẹ̀ títí wọ́n fi jẹun tán. Igi mu omi, ó wú, ó sì há mọ́ irin. Òun kàn án mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ó dún dáadáa," ni bàbá náà wí. "Ohun tó ṣì ń bà mí lẹ́rù dòní nìyẹn. Ó dún bíi tàwọn tó dáa."

Ìyàwó rẹ̀ ti fi ìgò oògùn sílẹ̀. Kò tíì yíjú padà, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ ti dúró lórí tábìlì.

Bàbá Kanlẹ̀ ní ká tiẹ̀ ní ó parí síbẹ̀ ni, ìbá sàn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nígbà tí oòrùn ti mú, Lagilagi gbé àáké náà padà wá. Ó ní, "Kanlẹ̀, nǹkan yìí ti ń mì díẹ̀ o." Oúnjẹ ló wà níwájú òun nígbà náà. Òun kò tilẹ̀ nawọ́ gbà á wò. Òun ní, "Ẹ rì í sómi, yóò dì." Ó sì dì fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀. Kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Bí omi náà bá ti gbẹ, mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Mo kàn sọ fún ara mi pé ọ̀la ni màá gbà á lọ́wọ́ yín tí màá tún un ṣe. Gbogbo ọjọ́ ni mò ń sọ pé ọ̀la."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ ohun tó kàn. Àbíkẹ́yìn ilé wọn, tó jẹ́ àbúrò fún Lagilagi àti fún ìyàwó Bàbá Kanlẹ̀, ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Súfèé ni wọ́n ń pè é, torí kò lè gbé igi méjì kó má súfèé sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà ní ibùdó igi, ó ń kó igi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ là jọ sí òdìkejì òkìtì, ó ń súfèé orin kan tí kò ní ìparí. Lagilagi gbé àáké sókè. Nígbà tó sọ ọ́ kalẹ̀, èèkù nìkan ló kù lọ́wọ́ rẹ̀, irin ti fò kọjá òkìtì. Súfèé yẹn sì dákẹ́ láàárín orin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì kọ́kọ́ rò pé ńṣe ló fẹ́ mí.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó burú jù," ni Bàbá Kanlẹ̀ wí. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó ní ọ̀gá ibùdó igi fi àpò di irin àti èèkù náà wá sí ṣọ́ọ̀bù òun, ó ní kí òun yẹ̀ ẹ́ wò kí òun sọ òtítọ́ fún ẹbí. Òun ti ilẹ̀kùn. Òun dorí èèkù kodò, èèkàn yẹn sì jábọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ òun láìlo ẹ̀mú. Ó ti sún kì, ó ti fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà.

"Mo wá gun àkàbà," ó ní. "Àtẹ̀gùn méjìlá. Èyí tí mi ò lè gùn kí Súfèé má kú, mo gùn ún kí n lè purọ́. Mo mú igi gbígbẹ, mo gbẹ́ èèkàn tuntun, mo gbá a wọ ojú ibi tí ti àkọ́kọ́ ti jábọ́, mo fi erùpẹ̀ pa á lára kó lè rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo gbé e lọ sí pálọ̀ Màmá yín. Gbogbo yín wà níbẹ̀. Mo ní ẹ wo èèkàn, kò ṣe nǹkan kan. Mo ní ẹni tó ń lò ó ló ti irin rẹ̀ bọ abẹ́ gẹdú, tó ń fi èèkù rẹ̀ gbé gẹdú sókè, ìyẹn ló tú u."

"Mo ní mi ò ṣe bẹ́ẹ̀," ni Lagilagi wí. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tó ti jókòó.

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Màmá ní ṣé Kanlẹ̀ wá ń purọ́ ni? Kanlẹ̀ tí kì í purọ́." Ọkùnrin náà ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. "Nígbà tó yá, èmi náà gbà pé mo ṣe é. Mo máa ń rí i lójú àlá, tí mo ki àáké bọ abẹ́ gẹdú, tí mò ń gbé e. Mo rí i tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ gẹdú wo ni."

Bàbá Kanlẹ̀ bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí, ó fa agolo kékeré kan yọ, kò sì lè ṣí i. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a ṣí i. Èèkàn tó jábọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló wà nínú rẹ̀, kò ju ìka ọwọ́ kékeré lọ, ó ti dúdú. Obìnrin náà wò ó pẹ́, ó sì gbé agolo náà lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú àga.

"Bọ̀dá," ó ní. "Bọ̀dá mi."

Lagilagi fi ọwọ́ kan lé e lórí, ó fi èkejì mú èèkàn náà síbi tí oòrùn wà.

"Àtẹ̀gùn mélòó lo ní?"

"Méjìlá."

"Méjìlá," ni Lagilagi tún wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Ìyá wọn, mo bẹ̀ ọ́. Bí ẹ ò bá lè dárí jì mí, ẹ kàn má pínyà mọ́."

Níta, ẹnì kan ń gbá ilẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti fi orí lé orúnkún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni Màmá fi wà láyé lẹ́yìn Súfèé," ni Lagilagi wí nígbà tó yá. "Kò jẹ oúnjẹ tí mo bá gbé wá. Ó kú, kò pè mí. Àwa mẹ́ta ti gbọ́ báyìí, ó dáa. Ta ló máa sọ fún Màmá?"

Bàbá Kanlẹ̀ gbé orí sókè díẹ̀ lórí ìrọ̀rí.

"Èmi ni," ó ní. "Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ, Ẹ̀gbọ́n, kò tún jìnnà mọ́. Èmi ni màá sọ fún un."

Lagilagi wò ó. Ó dìde, ó sún mọ́ ibùsùn, ó fi èèkàn náà sí àtẹ́lẹwọ́ ọkọ àbúrò rẹ̀.

"Mú un dání nígbà náà," ó ní. "Tó o bá dé ọ̀dọ̀ Màmá, fi hàn án."

Ìyàwó Bàbá Kanlẹ̀ wá, kò wo ojú ọkọ rẹ̀, ó bá a pa ìka rẹ̀ márààrún dé mọ́ èèkàn náà.