Gíláàsì Kékeré Ẹ̀yìn Ọkọ̀

Wọ́n ti dá ẹjọ́ ikú fún mi. Adájọ́ ní kí wọ́n fi okùn sí mi lọ́rùn, kí wọ́n so mí rọ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi. Èmi ìyá arúgbó tí mo ti ní ọmọ-ọmọ, tí orúnkún ń dùn kí n tó lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi ni okùn tọ́ sí. Àwọn kan sunkún ní kóòtù lọ́jọ́ náà. Èmi kò sunkún. Inú ló ń bí mi, ó sì ń bí mi títí di ìsinsìnyí tí mo jókòó sí yàrá ẹ̀wọ̀n tí mo ń kọ èyí.

Ẹ má rò pé adájọ́ ni mo ń bínú sí. Ohun tó rí ló sọ. Àwọn tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń wá kí mi tí wọ́n ń ṣàánú mi. Wọ́n á ní, "Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, wọ́n tàn yín jẹ ni." Wọ́n á ní iṣẹ́ Sàtánì ni. Wọ́n á ní ìlú ló le. Lọ́yà tí ìjọba fún mi náà dìde níwájú adájọ́, ó ní ìyá arúgbó tí kò kàwé ni mí, pé n kò mọ ohun tí mo ń ṣe. Ó wù mí kí n sọ̀ kalẹ̀ níbi tí mo dúró sí kí n fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Mo kàwé dé prámárì mẹ́rin. Mo lè ka Bíbélì, mo sì lè kọ ohun tó bá wà nínú mi. Mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà purọ́ mọ́ mi lẹ́yìn ikú mi pé ènìyàn rere tí wọ́n ṣì lọ́nà ni mí.

Iléṣà ni wọ́n bí mi sí. Òṣogbo ni mo ti bá ọkọ mi ṣiṣẹ́, ní Alékúwodò, níbi tí ṣọ́ọ̀bù wa wà. Ọkọ mi ń lẹ tíńtì mọ́ gíláàsì mọ́tò. Nígbà tó kú, àwọn ènìyàn rò pé n ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà pa kí n máa lọ tọ́jú ọmọ-ọmọ. N kò tì í. Mo ti mọ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni, kì í ṣe iṣẹ́ agbára. O ó fọ gíláàsì títí eruku kankan kò ní kù lára rẹ̀, o ó fọ́n omi ọṣẹ sí i, o ó tẹ́ náílọ́ọ̀nù tíńtì náà lé e, o ó wá fi rọ́bà fa omi náà jáde lábẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí o bá kánjú, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, á wú bí ìléròrò. Èmi kì í kánjú.

Nígbà tí ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í da àwọn tó lẹ tíńtì dúdú dúró lójú títì, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè èyí tó mọ́ gaara tó sì nípọn, tí à ń pè ní tíńtì ààbò. Ti olè ni eléyìí, kì í ṣe ti oòrùn. Bí olè bá fi irin lu gíláàsì, gíláàsì á fọ́, ṣùgbọ́n kò ní já bọ́, náílọ́ọ̀nù náà á dì í mú. Mo gbé gíláàsì ilẹ̀kùn mọ́tò kan tí mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí oníbàárà bá dé, n ó gbé sípánà táyà lé e lọ́wọ́.

"Lù ú."

"Màmá, ṣé kò ní ta sí mi lójú?"

"Lù ú, jàre. Bó bá ta sí ọ lójú, wá yọ tèmi."

Á lù ú, gíláàsì á sán yíká bí àwọ̀n aláǹtakùn, á sì dúró síbi tó wà. Oníbàárà á rẹ́rìn-ín, á fún mi ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ̀. Ta ni yóò rò pé ìyá arúgbó tó wọ awò ojú báyìí ń ṣe màgòmágó?

Gíláàsì kékeré kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò, onígun mẹ́ta, tí kì í ṣí. Nítorí ìgun rẹ̀, bí o bá gé náílọ́ọ̀nù fún un, àjákù tó máa ṣòfò pọ̀ ju èyí tí o lò lọ. Ó máa ń dùn mí. Inú ilé tí a kì í da nǹkan nù ni wọ́n ti tọ́ mi. Lọ́jọ́ kan, mo mú náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán, èyí tí kò lè gba òkúta ọmọdé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì kékeré náà. Ojú kò lè rí ìyàtọ̀. Oníbàárà dúpẹ́, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe é fún gbogbo wọn. Mo pè é ní mímọ nǹkan tọ́jú. Olè ni. Mo ti di olè lọ́jọ́ náà, mo kàn wá orúkọ tó dára fún un ni.

Ọkùnrin tó ń kó náílọ́ọ̀nù wá fún mi láti Èkó ni Káyọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ ni, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ kí mi kanlẹ̀. Ó jókòó sí bẹ́ǹṣì mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń mu omi, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà yìí. Náílọ́ọ̀nù tí mò ń kó fún yín àti mọ́tò tí ẹ̀ ń ṣe, kò dọ́gba o."

"Mo mọ̀ ọ́n gé ni."

"Ẹ mọ̀ ọ́n gé." Ó dìde, ó lọ síbi mọ́tò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tán, ó fi èékánná ha etí gíláàsì kékeré náà. "Èyí ńkọ́, Màmá? Ṣé òun náà lè gba sípánà?"

Mo mú aṣọ, mo ń nu ibi tó ha.

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Àṣírí ìyá, àṣírí ọmọ ni."

Kò pẹ́ tó fi padà wá. Ó ní òun mọ àwọn kan tó ń yọ báàgì nínú mọ́tò tí wọ́n bá gbé sílẹ̀. Kò ní sí ẹnikẹ́ni nínú mọ́tò, ó ní, wọn kò ní fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Kí n kàn máa sọ fún òun irú mọ́tò tí mo ṣe àti ibi tí olówó rẹ̀ ń gbé e sí. Mo ní kí ó jẹ́ kí n ronú sí i. Ibẹ̀ ni mo ti kú. Ẹni tí kò fẹ́ jalè kì í ní òun fẹ́ ronú sí i.

Nígbà tó yá, mo gbà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fọ́ mọ́tò àwọn oníbàárà mi níwájú báńkì, níwájú ilé ìjọsìn. Àwọn oníbàárà náà á padà wá bá mi.

"Màmá, gíláàsì kékeré yẹn ni wọ́n gbà wọlé."

"Àwọn olè ayé yìí," n ó ní. "Ẹ dúpẹ́ pé ẹ kò sí nínú rẹ̀. Ẹ gbé e wá kí n tún un lẹ̀."

N ó sì tún fi èyí tó fẹ́lẹ́ náà lẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Káyọ̀ ń fún mi ní ìpín mi: mo kan páànù tuntun sórí ṣọ́ọ̀bù, mo ra jẹnẹrétọ̀, mo ń san owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ mi, Bùsọ́lá, ní Ẹ̀sà-Òkè. Káyọ̀ sì ṣèlérí pé òun ó bá mi kọ́ ilé sórí ilẹ̀ tí ọkọ mi fi sílẹ̀ ní Iléṣà, kí n lè lọ sinmi. Ilé yẹn wọ̀ mí lójú.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní Iléṣà. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni a jọ ń lọ nígbà ọmọge wa. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ni Gbóyèga. Gbóyèga máa ń ra góòlù lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á ní Ìpéríndó, ó sì ń tà á fún àwọn àgbà oníṣòwò. Ó gbé mọ́tò rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi.

"Yèyé, ẹ bá mi ṣe é kó le. Ọ̀nà yẹn kò dára mọ́. Ìyá mi ní ọwọ́ yín nìkan ni kí n gbé e lé."

"Gbogbo gíláàsì rẹ̀ ni?"

"Gbogbo rẹ̀. Kò gbọdọ̀ ku ọ̀kan."

Ó gba ike omi lọ́wọ́ mi. Ó ní kí n jókòó, kí n máa pàṣẹ bí olorì ọba, òun ó máa fọ gíláàsì. A jọ ń rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi pé òun nìkan lòun ń dá wa mọ́tò lọ, òun nìkan lòun sì ń dá bọ̀, nítorí pé bí ènìyàn méjì bá mọ ohun tó wà nínú báàgì, ìlú ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Mo gé náílọ́ọ̀nù gidi fún gíláàsì kékeré náà. Nítorí pé ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni, mo gé e lóòótọ́. Mo gbé e lé e, ó bá a mu. Mo wá wo àjákù tó fẹ́ ṣòfò. Mo ká a kúrò, mo mú èyí tó fẹ́lẹ́.

Nígbà tó ṣe, Káyọ̀ dé.

"Mọ́tò ọmọ oní-góòlù yẹn ńkọ́?"

"Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni. Yọ tirẹ̀ kúrò."

"Wọ́n ní kì í fi báàgì rẹ̀ sílẹ̀ nínú mọ́tò."

"Kì í fi í sílẹ̀."

"Ìyẹn ni pé òun fúnra rẹ̀ ní láti wà níbẹ̀." Ó wo ojú mi. "Ilé yín ti Iléṣà, Màmá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí la ó fi parí rẹ̀. Ṣé òun nìkan ló máa ń wà nínú mọ́tò?"

Mo ń ká rọ́bà omi tí mo fi ń fọ mọ́tò nígbà náà. Mo ká a tán.

"Òun nìkan ni," mo ní. "Ìgbà tí àwọn tó ń wa góòlù bá ti jẹun ọ̀sán tán ló máa ń kúrò ní Ìpéríndó."

Káyọ̀ kò bi mí ní àkókò. Èmi ni mo fi kún un.

Àgbẹ̀ kan ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní kóòtù. Wọ́n gbé igi dí ọ̀nà. Gbóyèga gbé gíláàsì rẹ̀ sókè, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ fèrè mọ́tò, kò sì gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀. Wọ́n fi irin lu gíláàsì iwájú, wọ́n lu ti ẹ̀gbẹ́, kò sí èyí tó já bọ́. Àwọn àgbẹ̀ tó wà nínú oko kòkó gbọ́ fèrè náà, wọ́n fa àdá yọ, wọ́n ń sáré bọ̀. "Ó ku díẹ̀ ká dé ọ̀dọ̀ rẹ̀," ni àgbẹ̀ náà wí. Ni ọ̀kan nínú àwọn olè náà bá lọ sẹ́yìn. Ó lu gíláàsì kékeré náà lẹ́ẹ̀kan, ó ki ìbọn bọ ibẹ̀, ó yìn ín. Kí àwọn àgbẹ̀ tó dé, Gbóyèga ti kú, báàgì góòlù ti lọ.

Mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kẹ́dùn. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Mo wọ aṣọ dúdú, mo wọ mọ́tò láti Òṣogbo, mo lọ jókòó tì í. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Wọ́n ní àwọn gíláàsì yòókù kò já bọ́," ó ní. "O ṣe é dáadáa fún un. Ọlọ́run á san án fún ọ."

Mo ní àmín. Ó ní kí wọ́n fún mi lómi, mo gbà á, mo mu ún.

Wọ́n mú Káyọ̀ níbi tó ti ń wá ẹni tí yóò ra góòlù náà. Wọn kò tíì fọwọ́ kàn án tó fi dárúkọ mi. Ọlọ́pàá mú mi lọ síbi tí wọ́n gbé mọ́tò náà sí. Gbogbo gíláàsì ńlá ti sán, wọ́n funfun bí ìkùukùu, ṣùgbọ́n wọ́n dúró, ihò kankan kò sí lára wọn. Mo fi ọwọ́ kàn wọ́n. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mo mọ iṣẹ́. Lẹ́yìn ni ihò onígun mẹ́ta wà, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Iṣẹ́ mi náà nìyẹn.

Ọ̀rẹ́ mi wá bá mi ní kóòtù lọ́jọ́ ìdájọ́. Kò pariwo.

"Kí ni mo ṣe fún ọ?"

"O kò ṣe mí ní nǹkan kan."

"Ó dára. Ẹnu rẹ ni mo fẹ́ ti gbọ́ ọ." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Bùsọ́lá wá síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní, "Màmá Àgbà, Káyọ̀ ló fà yín sínú rẹ̀." Mo pariwo mọ́ ọn, èmi tí n kì í pariwo. Mo ní Káyọ̀ béèrè ni, èmi ni mo dáhùn. Ó sunkún lọ. Mo fẹ́ràn kó sunkún sí òtítọ́ ju kó rẹ́rìn-ín sí irọ́ lọ.

Ẹ̀yin tí mo lẹ tíńtì mọ́ mọ́tò yín, ẹ lọ bó èyí tó wà lára gíláàsì kékeré náà lónìí, kí ẹ wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kó tún un ṣe. Owó yín ti lọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀mí yín tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tó ń tún mọ́tò ṣe, tó ń ṣọ́ ẹnu géètì, tó ń tún fóònù ṣe, tó ń wa mọ́tò fún ènìyàn, mo bẹ̀ yín. Gbogbo ẹni tó bá gbé nǹkan lé yín lọ́wọ́ ti ṣí ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún yín. Ẹnìkan yóò wá jókòó tì yín, yóò máa pè yín ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀gá, yóò béèrè ìgbà tí onítọ̀hún ń dá wà. Ẹ dìde níbẹ̀. Ẹ kígbe. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìlú tó le tàn yín: ìlú le fún àwọn àgbẹ̀ Ìpéríndó náà. Wọn kò mọ orúkọ Gbóyèga, wọn kò mọ ẹni tó bí i, wọ́n ń sáré bọ̀ pẹ̀lú àdá lásán wá bá oníbọn nítorí rẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ ni mo júwe rẹ̀ fún wọn. Ẹ yan èyí tí ẹ fẹ́ jẹ́.