Abẹ́rẹ́ Àbúrò Mi

Àbúrò mi, fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, kí o jókòó. Mi ò lè kọ ọ̀rọ̀ yìí sínú lẹ́tà, nítorí èmi ni mo sọ ẹ́ di ẹni tí wọ́n ń ka lẹ́tà fún. Nọ́ọ̀sì ti gbé fóònù sórí ìrọ̀rí mi, ó ti tẹ̀ ẹ́ kó máa gba ohùn mi sílẹ̀. Kò gbọ́ èdè wa, ó rò pé àdúrà ni mo fẹ́ gbà, ó tiẹ̀ rọra pa ilẹ̀kùn dé. Jẹ́ kó máa rò bẹ́ẹ̀. Dókítà sọ fún mi láàárọ̀ yìí pé ọjọ́ tó kù fún mi kò pọ̀ mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé irọ́ yìí wọ ilẹ̀ lọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lọ fún ọdún mẹ́sàn-án, òní lòótọ́ bá a. Pe ọkọ rẹ kó wá jókòó tì ẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà wà níbẹ̀.

O rántí ṣọ́ọ̀bù mi nílé. Èmi télọ̀ àgbà, oníbàárà rẹpẹtẹ. Ìwọ lẹ́yìn máṣíìnì lórí àpótí, ò ń ṣa àjákù aṣọ tó ń bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu sísọ́ọ̀sì mi. Ọwọ́ lásán lo fi ń rán wọn pọ̀, ègé pupa mọ́ ègé aláró, onílà mọ́ alámì tó-tò-tó, gbogbo wọn á sì jókòó pẹ́pẹ́ bí ọmọ ìyá. Mo rí i pé ó dára. Gbọ́ mi dáadáa: láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti rí i pé ó dára, òun gan-an ló sì ń bí mi nínú. Èmi tí mo fi ọdún márùn-ún kọ́ṣẹ́, ohun tí oníbàárà bá fi hàn mí nínú ìwé ni mò ń rán. Mo wá sọ ẹ́ lórúkọ, mo ní Ìyá Alákìísà, gbogbo àdúgbò sì gbà á lẹ́nu mi. Nígbà tí o rán aṣọ ìbora sílẹ̀ de oyún àkọ́kọ́ rẹ, mo bi ẹ́ níwájú àwọn oníbàárà pé, "Ṣé ọmọ lo fẹ́ fi èyí gbé ni, àbí òṣì?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ, mo tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n máa fi nu bàtà. Ìwọ lò ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo Sátidé, ìwọ náà lo sì ń tẹ́ ẹ padà. Nítorí náà, ẹni tó bá ní òkè òkun ló bà mí jẹ́, irọ́ ló pa. Mo gbé ìkà mi láti ilé lọ ni.

Nígbà tí mo ń rìnrìn àjò, o fi aṣọ ìnusẹ̀ yẹn sí ìsàlẹ̀ báàgì mi. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mo ti fọ̀ ọ́ mọ́." Mo dé ibí, iṣẹ́ tí mo rí ni kí n máa nu ilẹ̀ ọ́fíìsì. Yàrá kan péré ni mo gbà, ojú títì ni mo sì ti gbé àga tí mò ń jókòó lé. Ṣùgbọ́n ìṣe àwọn ará ibí yà mí lẹ́nu: ẹni tó lówó lọ́wọ́ á lẹ àbùlẹ̀ mọ́ ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀wù rẹ̀, á sì máa fi yangàn. Nílé wa, tí wọ́n bá rí àbùlẹ̀ lára ẹni, wọ́n á ní nǹkan ò ṣẹnuure fún un mọ́. Níbí, wọ́n á ní olúwarẹ̀ gbọ́n, ó mọ ohun tó ń ṣe. Mo fi aṣọ rẹ bo àga tó ti ya. Ìyá àgbàlagbà tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi wọlé wá tọrọ iyọ̀, ó rí i, ó gbàgbé iyọ̀. Ó ń fi ọwọ́ pa á lára, ó ní, "Ta ló ṣe èyí?" Ẹnu mi yá, mo ní, "Èmi ni." Ó lọ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá, obìnrin kan tó ní ilé àfihàn, níbi tí wọ́n ti ń gbé iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ara ògiri káwọn èèyàn wá wò ó. Obìnrin yẹn ní òun fẹ́ sí i. Mo gbìyànjú o! Mo ra aṣọ, mo gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo rán an pọ̀, ó dà bí ohun tí ewúrẹ́ jẹ kù. Mo kó o dà nù, mo pè ẹ́.

Ṣé o rántí ohun tí mo sọ? Mo ní, "Àbúrò mi, òtútù fẹ́ pa mí. Ọwọ́ mi ò tó aṣọ ìbora ibí, eyín mi ń gbá ara wọn." O bú sẹ́kún. O ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má kú sílẹ̀ onílẹ̀ o. Ìdí abẹ́rẹ́ ni mo wà báyìí." O rán an, o fi rán ẹni tó ń bọ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Tí o bá béèrè àwọn ti tẹ́lẹ̀, màá ní ọ̀kan ti gbó, olè gbé ọ̀kan, mo fi ọ̀kan ta aláìní lọ́rẹ. Ogún aṣọ ni, àbúrò mi! Ní igun kọ̀ọ̀kan, o máa ń fi òwú pupa rán ojú abẹ́rẹ́ méje, o ní àdúrà ni, kí òtútù má ṣe rí mi. Màá fi abẹ tú méjèèje, màá rán lẹ́tà orúkọ tèmi sí ojú ibẹ̀, màá sì gbé e lọ tà fún obìnrin ilé àfihàn. Nígbà tí àwọn oníwèé ìròyìn ń bọ̀ wá ya fọ́tò yàrá mi, mo gbé tẹlifíṣọ̀n pamọ́, mo gbé àga tuntun pamọ́, mo jókòó lórí àga ojú títì. Mo ní, "Ohun tí àwọn èèyàn bá sọ nù lèmi fi ń ṣe ilé ayé mi. Ẹni tí kò bá kó nǹkan jọ ni ọgbọ́n ń wá bá." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Aláìnítìjú! Ẹni tó ń gbé ìgbé ayé yẹn wà nílé, ó tẹ̀ ba sídìí fèrèsé, ó ń ránṣọ, Ìyá Alákìísà ni wọ́n sì ń pè é.

Mò ń fà á gùn torí pé mi ò fẹ́ débi tó kù. Ó dáa, mo ti débẹ̀. Ní ọdún keje, ọkọ rẹ pè mí láìjẹ́ kí o mọ̀. Ó ní dókítà ti yẹ ojú rẹ wò, ó ní ojú náà ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, kí o yéé ránṣọ, kí o sì máa kán oògùn sí i lójoojúmọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti kọ̀ sí mi lẹ́nu. Ó ní òtútù á pa yín. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè bá a wí kó gbọ́." Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni obìnrin ilé àfihàn ní òun fẹ́ aṣọ tó máa bo ògiri kan látòkè délẹ̀, oṣù méjì ló sì fún mi. Mo pè ẹ́ lóòótọ́. O ní, "Oògùn yìí, tí mo bá ti kán an láàárọ̀, ojú mi á ṣú títí di ọ̀sán, mi ò ní rí ihò abẹ́rẹ́." Àbúrò mi, mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ, kò sì sí èṣù kankan tó tì mí. Mo ní, "Pa oògùn yẹn tì ná. Àwọn dókítà ibí ní irú ẹ̀ ló ń ba ojú jẹ́. Bá mi rán ńlá kan, òtútù ọdún yìí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ." O ní, "Ṣé ó dá yín lójú, ẹ̀gbọ́n mi?" Mo ní, "Ṣé mo ti purọ́ fún ẹ rí?"

Aṣọ ńlá náà dé nígbà tí àfihàn ku ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn èèyàn dúró níwájú ẹ̀, àwọn mìíràn ń nu omi ojú. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni ọkọ rẹ pè. Ó ní, "Ó jí láàárọ̀, ó ní kí n bá òun ṣí fèrèsé. Ẹ̀gbọ́n, fèrèsé ti wà ní ṣíṣí." Kó má baà bi mí nípa oògùn, mo yára da ẹ̀bi bò ó. Mo ní, "Lẹ́búlẹ́bú pákó tí ò ń rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ló wọ̀ ọ́ lójú. Ìwọ káfíńtà yìí, ìwọ lo fọ́ ìyàwó rẹ lójú." Ó gbà mí gbọ́. Ó ta ayùn, ó ta òòlù, ó ń ṣọ́ géètì onígéètì títí dòní. Ọkọ àbúrò mi, ṣé o gbọ́? Ọwọ́ rẹ mọ́. Èmi ni.

Lóṣù tó kọjá, aṣọ kọkànlélógún dé. O fi ohùn ránṣẹ́ tẹ̀ lé e: "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ara yín ò yá. Ọwọ́ ni mo fi ń wá ọ̀nà, mi ò mọ àwọ̀ tó kan àwọ̀, ẹ bá mi mú un mọ́ra." O ò rí igun mọ́, ojú abẹ́rẹ́ pupa méje-méje wà káàkiri gbogbo aṣọ náà. Lánàá, obìnrin ilé àfihàn wá kí mi, ó rí i lórí ibùsùn mi. Ó ní, "Ẹ wo bí àwọn àwọ̀ yìí ṣe ń bá ara wọn jà! Nínú gbogbo iṣẹ́ yín, kò sí èyí tó tó o." Èmi tí ikú ti jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo la ẹnu láti sọ pé àbúrò mi ló rán an, kò sì ríran. Ohun tó jáde ni, "Ẹ ṣé." Lánàá yìí ni o, kì í ṣe ìgbà èwe. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ fóònù ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì máa fi nọ́ńbà obìnrin yẹn ránṣẹ́ sí yín. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀, kó túmọ̀ ohùn mi yìí fún un láìfi ọ̀rọ̀ kan pamọ́.

Ẹ̀yin ọmọ rẹ, tí ẹ bá wà níbẹ̀, tí ẹnikẹ́ni bá ń fi iṣẹ́ ọwọ́ yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ máa ṣọ́ ọwọ́ ẹni náà. Ìwọ àbúrò mi, mo bẹ̀ ẹ́, dárí jì mí, àmọ́ má yára. Bí o ṣe ń fọ aṣọ ìnusẹ̀ yẹn, tí o sì ń tẹ́ ẹ padà fún mi, má ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kọ́kọ́ bínú ná. Má sì fi aṣọ ránṣẹ́ sí mi mọ́, nítorí ó ku ohun kan tí mi ò tíì sọ. Ẹ̀rọ kan wà lára ògiri yàrá tí mo kọ́kọ́ gbà, ó wà níbẹ̀ kí n tó dé. Tí mo bá ti yí i díẹ̀, gbogbo yàrá á gbóná, màá tiẹ̀ lọ ṣí fèrèsé kí afẹ́fẹ́ lè wọlé. Àbúrò mi, òtútù ò mú mi rí.