Ẹfun Ẹnu Ọ̀nà Wa Kì í Ṣe Afẹ́

Trevor, gbé òòlù yẹn sílẹ̀! Mo ní o gbé e sílẹ̀! Ta ló ní kí o kan àkọlé irin mọ́ ògiri ilé mi? Ẹgbẹ́ Onítàn? Kí wọ́n lọ kàn án mọ́ ilé ìyá tiwọn! Mo ti kà á, mi ò tíì fọ́jú: "Jonas Thackray kọ́ àwọn ilé olókùúta yìí fún ìgbádùn àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀." Ìgbádùn! Ẹ gbà mí o! Yàrá kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, èèyàn mẹ́sàn-án, ṣáláńgá kan fún ilé mẹ́fà, ògiri tó ń sun omi láti ìgbà òtútù dé Àjíǹde, ṣé ìgbádùn nìyẹn?

O tún fi fọ́tò àtijọ́ sínú ìwé yín, o ní ẹ wo bí òkúta ẹnu ọ̀nà wọn ṣe funfun, pé àwọn obìnrin àdúgbò yìí fẹ́ràn afẹ́ púpọ̀. Ìwọ ọmọ Hilda! Ká ní ìyá rẹ wà láyé, ì bá gbá ọ létí. Ẹ̀rù ni, kì í ṣe afẹ́! Gbogbo Fráìdè la máa ń kúnlẹ̀ fọ òkúta yẹn, tá a ó fi ẹfun pa á, torí lọ́jọ́ Sátidé, akọ̀wé Thackray á gbé ìwé rẹ̀ dé, bí tìrẹ bá dúdú, orúkọ rẹ wọ inú ìwé nìyẹn, ẹrù rẹ dé títì.

Ọ̀sẹ̀ tí bàbá mi kú ńkọ́? Òkú wà nílẹ̀ ní yàrá ìsàlẹ̀, ta ló rántí ẹfun? Akọ̀wé dé, kò ṣí fìlà, ó wo òkúta, ó wo pósí, ó ní ilé tí kò bá ní òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ Thackray, kó kó jáde lọ́jọ́ Ajé. Ló bá rí Alma, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méjìlá. Ó ní, "Èyí ti tó ṣiṣẹ́."

Ọmọdé yẹn ń ya irun àgùntàn ní ilé iṣẹ́ Thackray láàárọ̀, ó ń sùn lórí tábìlì ilé ìwé lọ́sàn-án. Àwa ń gbénú ilé, òun ń wúkọ́. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, wọ́n gbé òkú rẹ̀ kọjá lórí òkúta yìí, màmá mi sì ti fi ẹfun pa òkúta náà kí wọ́n tó gbé e, torí ọjọ́ Sátidé ni.

Kí lo wí? Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i? O mà láyà o! Ẹ̀ẹ̀mẹrin lo wá síbí, o mu tíì mi, o jẹ kéèkì mi, o ń bi mí pé ọdún wo ni omi ẹ̀rọ wọlé. Mo dárúkọ Alma fún ọ, o ní ọ̀rọ̀ ìdílé nìyẹn, kì í ṣe ìtàn!

Ó dáa. Gbé irin rẹ padà, kí wọ́n tún un kọ: "Alma Sugden, ọmọ ọdún méjìlá, ló fi àyà rẹ̀ san owó ilé yìí." Àyè ò ní gbà á, àbí? Yọ Thackray kúrò, àyè á gbà á.