Ààwẹ̀ Tí Fúnmi Fi Bojú

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọpẹ́ ló gbé mi dìde, kì í ṣe orúnkún mi, torí orúnkún ọ̀hún ò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Lọ́dún kan, èmi Jòsáyà gba ààwẹ̀ ogójì ọjọ́, n ò fẹnu kan omi, ńṣe ni mo sì ń sanra. Lọ́jọ́ tó ku ọ̀la, bọ́tìnnì sùtánà mi já, ó fò, ó fọ́ gíláàsì fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Ìjọ, ẹ má rẹ́rìn-ín, Ọlọ́run ń wò yín o.

Ẹ mọ Fúnmi, ọmọ ọmọ mi tí à ń jọ gbé ní Agbowó. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí àtọ̀gbẹ mú un. Èmi náà ò mọ̀ pé ó ń mú ọmọdé! Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ gún abẹ́rẹ́ ínsúlínì. A máa ń se síríńjì rẹ̀ nínú ìkòkò kékeré, a sì ń fi ọ̀rá wé oògùn sínú àmù kó lè tutù, torí iná mànàmáná ò ṣeé gbójú lé.

Nígbà tí abẹ́rẹ́ ń ṣiṣẹ́, ọmọ tó ti rù bẹ̀rẹ̀ sí í sanra padà. Inú mi dùn. Inú tirẹ̀ ò dùn. Níléèwé, wọ́n ń kọ ọ́ lórin pé, "Fúnmi Àgbá, yí kọjá!" Nílé, àwa náà ò jẹ́ ó gbádùn: má jẹ tibí, má fọwọ́ kan tọ̀hún. Oúnjẹ wá di ẹ̀ṣẹ̀ lójú rẹ̀.

Ló bá di aláàwẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó di ojoojúmọ́. Ta ló máa bá ọmọ wí nítorí ààwẹ̀ nínú ìjọ yìí? Ẹ̀yin náà lẹ pàtẹ́wọ́ fún un! Èmi tí mo jẹ́ télọ̀ ní Ṣàngó, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dín yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ kù láàárín táàmù kan. Téèpù wà lọ́rùn mi, mo sì ń yangàn fún kọsítọ́mà: "Ẹ wo ọmọ ẹ̀mí!" Ó ń mu omi ṣáá, ó ń tọ̀ ṣáá, mo ní omi ìyè ló ń fọ inú rẹ̀.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan, èmi náà wà nínú ààwẹ̀, áńgẹ́lì kan dúró nídìí àmù, ìyẹ́ rẹ̀ kan àjà. Ó ní, "Jòsáyà, tọwọ́ bọ àpótí Fúnmi." Mo tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìgò ínsúlínì mẹ́rin ni mo bá, kò ṣí ọ̀kankan!

Fúnmi wọlé bá mi. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Wòlíì."

"Kí lo ń tọ́jú wọn sí ibí fún?"

"Tí mo bá gún un, mo ń sanra. Tí mi ò bá gún un, mo ń rù."

Èémí ẹnu rẹ̀ ń rùn bí èso tó ti kẹ̀. Kí n tó dáhùn, ó ṣubú.

Takisí gbé wa dé ọsibítù kan ní Jẹ́ríkò. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi dá wa mọ̀. Ẹ gbàdúrà, dókítà fa omi sí i lára, Ọlọ́run gba méjèèjì. Ó lajú! Nọ́ọ̀sì àgbà kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bàbá, ẹ má bú u. Ọmọ tó bá ní àìsàn yìí, tí wọ́n ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ lójoojúmọ́, oúnjẹ tètè ń di ọ̀tá rẹ̀. Òun kọ́ ni mo kọ́kọ́ rí. Ẹ máa bá a jókòó, kí ẹ jọ máa jẹun."

Wòlíì wa náà pàṣẹ pé ààwẹ̀ ti Fúnmi ni kó máa jẹun lásìkò. Láàárọ̀, lẹ́yìn abẹ́rẹ́, èmi àti ẹ̀ á jọ jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Lọ́jọ́ mìíràn, ó máa ń sunkún sí i. Mo máa ń dúró tì í títí á fi jẹ ẹ́. Ìjà náà ò tíì tán, ṣùgbọ́n ó wà láàyè, ẹ wò ó níwájú yín. Ẹ bá mi fò fáyọ̀, kí ògo jẹ́ ti Olúwa!

Háà, ó ti ń wò mí. Ó dáa, Fúnmi, mo gbọ́. Ẹ̀yin ará, áńgẹ́lì kankan ò wá. Èmi ni mo fi ìyẹn kún un. Ebi ààwẹ̀ ló ń pa mí, mo sì mọ̀ pé bisikíìtì tí dókítà ní kó máa tọ́jú sọ́wọ́, nítorí ìgbà tí ṣúgà ara rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ jù, wà nínú àpótí yẹn. Mo lọ jí i ni. Ó kún ẹnu mi nígbà tó wọlé. Ká ní mo gba ààwẹ̀ mi dé òpin lọ́jọ́ náà, òkú rẹ̀ là bá bá nílé.