Kadiogíráfù Kò Rí Orúkọ Ọmọ Mi Kọ

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìsìn. Ẹ bá mi gbé orúkọ Ọlọ́run ga kí n tó sọ ohunkóhun, nítorí bí kì í bá ṣe tirẹ̀, àyà mi ì bá ti já pátápátá.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ mí: èmi ni Ìyá Ṣówándé, aláró Ìgbẹ̀in. Ẹ mọ̀ pé Ṣówándé gbé ẹrù aṣọ lọ sí ọ̀nà Wásinmi nígbà ogun, kò sì padà wálé. Àwọn akónilẹ́rú ló mú un lọ. Láti ọjọ́ náà ni àyà mi ti ń lù kìkìkì. Bí mo bá ń ti aṣọ bọ ìkòkò aró, á máa lù. Bí mo bá jókòó jẹ́ẹ́, á máa lù. Mi ò mọ̀ bóyá ọmọ mi wà láàyè. Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ mọ bó ti rí láti máa bu oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹni tí ẹ kò mọ̀ bóyá ó ṣì ń jẹun?

Ìgbà tí dókítà òyìnbó kan kọjá, tó wọ̀ sí ilé míṣọ́n, Bàbá Dáníẹ́lì, katikíìsì wa, kéde fún wa pé ó mú ẹ̀rọ kan wá, kadiogíráfù lorúkọ rẹ̀. A ní kí ló túmọ̀ sí? Bàbá ní, "Èdè Gíríìkì ni. Kádíà ni ọkàn, gíráfù ni kíkọ. Ẹ̀rọ tí ń kọ ọkàn ni."

Áà! Ẹ̀rọ tí ń kọ ọkàn! Ohun kan ṣoṣo ló kúkú wà lọ́kàn mi. Mo ní bó bá kọ ọ́, Ṣówándé ni yóò kọ, bóyá yóò tilẹ̀ kọ ibi tó wà. Ṣebí ara ìyá a máa fu ú bí nǹkan bá ń ṣe ọmọ rẹ̀?

Mo dé ibẹ̀ ṣáájú gbogbo èèyàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ náà ti rí, nítorí mo wò ó dáadáa, mo sì béèrè títí ó fi sú Bàbá. Ife kékeré kan ni, awọ rọ́bà wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó Bàbá ló bá mi gbé e lé abẹ́ ọmú òsì, níbi tó ti ń lù gan-an. Ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín jáde lára ife náà lọ bá kálàmù kan tó fẹ́lẹ́ bí irun imú ológbò. Kálàmù náà kò ní tàdáwà o! Pépà ni wọ́n fi èéfín fìtílà kùn dúdú, tí wọ́n wé mọ́ igi roboto kan tó ń yí fúnra rẹ̀ bí aago. Bí àyà bá ti lù, afẹ́fẹ́ inú ọ̀pá á ti kálàmù, kálàmù á ha èéfín kúrò, funfun á yọ, àfi bí ibi tí a fi okùn so lára aṣọ ṣe ń funfun nínú aró.

Nígbà tó parí, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á fún mi."

"Kí n ka kí ni?"

"Ohun tó kọ. Níbo ló kọ Ṣówándé sí?"

Bàbá wo dókítà, dókítà wo Bàbá. Òkè àti àfonífojì ló kún pépà, kò sí lẹ́tà kankan. Bàbá wá rọra ṣàlàyé pé nǹkan méjì la fún ní orúkọ kan: ẹran tó ń lù láyà, a ń pè é ní ọkàn, ibi tí a ti ń rò, tí a ti ń fẹ́, a tún ń pè é ní ọkàn.

"Ẹran nìkan lẹ̀rọ yìí mọ̀, Ìyá Ṣówándé. Dókítà ní ẹran tìrẹ kò ṣàìsàn. Ìrònú ló ń lù ú."

"Ta ni yóò wá ka ìkejì fún mi?"

"Ẹni tó dá a ni."

Àbẹ̀ní alájàpá, tó ń dúró de dókítà lórí bẹ́ǹṣì, bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Ṣówándé! Ẹ kúkú ní kó bá yín ka iye ọ̀bọ tó wà lórí Olúmọ!" Kò pẹ́ tó fi mí kọrin ní ebúté odò Ògùn, níbi tí òun àti àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń di epo lọ sí Èkó:

Ẹ̀rọ òyìnbó, bá n ka ọmọ mi,
Ṣówándé Àkànní, ọmọ aláró Ìgbẹ̀in.
Òkè ni mo rí, mi ò rí Àkànní.

Ojú tì mí. Mo wọ yàrá, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Olúwa, ẹ̀rọ kò lè kà á, àwọn èèyàn sì ń fi mí ṣẹ̀sín. Ìwọ kà á." Ẹkún ni mo fi ṣe Àmín.

Ẹ gbọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run! Orin ẹlẹ́yà náà dùn ún fi tukọ̀. Àwọn ọlọ́kọ̀ fi í tukọ̀ dé Èkó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fá pákó létí omi gbọ́ ọ, ó ju ohun èlò sílẹ̀, ó sáré wọnú omi: "Ta ló kọ́ yín lórin yẹn? Èmi ni Àkànní!" Halelúyà! Ó ti bọ́ lóko ẹrú, ó ti ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Wọ́n ti sọ fún un pé mo ti kú.

Àbẹ̀ní fúnra rẹ̀ ló sáré gbé àrokò tí ọmọ mi fi ránṣẹ́ wá fún mi, kò sì lè rẹ́rìn-ín mọ́. Owó ẹyọ mẹ́fà ni, tí a sín sórí okùn, wọ́n kọjú síra wọn. Ẹ̀yin àgbà mọ̀ ọ́n kà. Ẹ̀fà: ọkàn mi fà sí ọ. Ẹ wò ó lọ́rùn mi níbí. Kadiogíráfù tòótọ́ rèé! Ọmọ mi kọ ọkàn, mo sì kà á láìsí katikíìsì. Àyà mi rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo sùn.

Ó kù kó dé. Ó dúró gbààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ ná, ọkọ̀ tó gbé àrokò wá ló sì gòkè gbẹ̀yìn. Odò ti fà, òkúta ti yọ, ogun sì ti dí ọ̀nà ilẹ̀. Odò fà, ọkàn náà fà. Láràárọ̀ ni mò ń lọ wo bí omi ṣe mọ. Kò tíì kún. Ṣùgbọ́n mi ò ní dúró de òjò kí n tó dúpẹ́. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi kọ orin Àbẹ̀ní, kí a sì yí ìparí rẹ̀ padà: òkè ni mo rí, mo sì rí Àkànní! Ògo ni fún Ẹni tó mọ ìwé tí a kò fi kálàmù kọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì bọ́ sí ọjọ́ ìsìn, ẹ má wá mi lórí ìjókòó mi. Ẹ wá mi wá sí ebúté.