Tanwíji Inú Kànga Ọládipọ̀

Kì í ṣe àìsàn ló sọ ọ̀rọ̀ yìí sí mi lẹ́nu. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé e mì, ó sì tó àkókò kí n pọ̀ ọ́ wàyí. Èmi ni mo ba omi Ọládipọ̀ jẹ́.

Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ló ti bẹ̀rẹ̀. Tíṣà Japheth ka àlọ́ kan fún wa nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ló kọ́kọ́ pa á kí Òyìnbó tó túmọ̀ rẹ̀. Àgbọ̀nrín ń ba koríko ẹṣin jẹ́. Ẹṣin bẹ ọmọ ènìyàn kó bá òun lé e. Ọmọ ènìyàn ní kó gba ìjánu sẹ́nu, kó gba gàárì sẹ́yìn. Wọ́n lé àgbọ̀nrín lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn kò sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ẹṣin mọ́. Tíṣà bi mí pé kí ni ìtàn náà kọ́ wa. Mo ní ẹṣin ló borí, ṣebí àgbọ̀nrín ti lọ. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Ọládipọ̀, tí a jọ wà lágboolé kan náà ní Ìdí Àrẹrẹ, ní, "Ẹṣin, wá jẹ koríko." Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ mi lára. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Bàbá mi nà mí títí, n kò padà. Bí mo ṣe rí nìyẹn.

A dàgbà, a gbéyàwó, ó ṣì ń pè mí ní Ẹṣin, lójú ìyàwó mi pàápàá. Nígbà tí ìjọba wá ń rán wolé-wolé kiri láti wá tanwíji, kòkòrò tó ń di ẹ̀fọn, nínú omi onílé, mo bù ú láti inú igbá fífọ́ kan lórí ààtàn, mo dà á sínú ìkòkò Ọládipọ̀ àti kànga ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Mo lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Bẹẹrẹ, mo sọ fún wolé-wolé kan tó ń jẹ́ Bọ́lájí.

Ó wá lọ́jọ́ kejì. Ó fọ́ ìkòkò, ó ní kí wọ́n fi òkúta dí kànga. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà mi, mo ń rún orógbó. Bó ti ń lọ, ó rọra sọ fún mi pé, "Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wàá mú mi dé ilé ẹlòmíràn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á gbọ́ ẹni tó pè mí." Mo mú un lọ. Mo tún mú un lọ sí òmíràn.

Nígbà tí kànga ti dí, Àgbékẹ́ ìyàwó Ọládipọ̀ ń lọ pọnmi lódò, tòun ti oyún oṣù mẹ́jọ. Mo máa ń rí i bó ti ń gun òkè bọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó yọ̀ ṣubú lórí àpáta. Òun àti oyún ló lọ.

A kì í sin aboyún sílé. Inú igbó ni wọ́n ń gbé e lọ, àwọn èèyàn kì í sì í fẹ́ fọwọ́ kan irú òkú bẹ́ẹ̀. Ọládipọ̀ wá bá mi. Ó ní, "Ìwọ nìkan ló kù. Bá mi gbé ẹsẹ̀ rẹ̀." Mo gbé e. Ohun tí mo rántí ni pé ebi ń pa mí.

Láti ìgbà tí ara mi ti kọ̀ yìí, Ọládipọ̀ ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún mi láràárọ̀, á sì dúró títí n ó fi mu ún tán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnìkan bá fi yín ṣẹ̀sín, ẹ bú u padà, kó tán síbẹ̀. Ọládipọ̀, mo bẹ̀ ọ́. Abẹ́ àwo ẹ̀kọ ni mo fi ìwé yìí sí. Kà á tán ná, kí o tó mọ̀ bóyá wàá bu ẹ̀kọ ọ̀la wá fún mi.