Ìràwọ̀ Tí Mo Rán sí Èjìká Ọkọ Mi

Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pè mí ní ọ̀daràn nígbà tí mo bá parí ọ̀rọ̀ mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀ ná. Èmi Mọ́ṣádé, aránṣọ ní Ìjagun, opó Aaron Bọ́dúnrìn, fẹ́ sọ bí Yẹ̀kínì ará Ìmùṣin ṣe kú gan-an. Ọkọ mi ti wọ ilẹ̀ lọ, kò sí ẹni tí mo tún ń dáàbò bò. Bí Ràmọ́tà, ìyàwó Yẹ̀kínì, bá pàdé mi lọ́jà, á kúnlẹ̀ kí mi ní ìyàwó Kọ́nẹ́ẹ̀lì, á sì ṣàdúrà fún mi. Àdúrà yẹn ti sú mi í ṣe àmín sí.

Aaron kò di kọ́nẹ́ẹ̀lì rí. Sájẹ́ǹtì ló fi fẹ̀yìn tì. Ó jagun ní Làìbéríà, ó sì ti ibẹ̀ gbé ikọ́ kan bọ̀ tí kò fi í sílẹ̀ mọ́. Ilé ìwòsàn kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tó ní yàrá fún àwọn ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì. Bí ọ̀gá àgbà bá dé ibẹ̀, kíá ni dókítà á yọjú. Àwọn yòókù á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa wúkọ́ lu ara wọn títí ọjọ́ á fi rọ̀. Nọ́ọ̀sì á wá ní kí a padà wá lọ́la, àfi bí ẹni pé àìsàn mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀la. A jókòó níbẹ̀ títí bẹ́ǹṣì yẹn fi mọ ìdí wa.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́, ètè Aaron dúdú, kò lè sọ̀rọ̀ kan délẹ̀ mọ́. Mo mọ̀ pé bí a bá tún lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, òkú rẹ̀ ni màá gbé bọ̀ wálé. Nígbà tí a wà ní bárékè, èmi ni mo máa ń ránṣọ fún àwọn ọ̀fíísà, kò sí àmì oyè tí ọwọ́ mi kò mọ ibi tí à ń rán an sí. Mo fa káàkí rẹ̀ yọ, mo rán ẹyẹ idì àti ìràwọ̀, àmì oyè kọ́nẹ́ẹ̀lì, sí èjìká rẹ̀.

Ó mi orí. Ó ní, "Mọ́ṣádé, èyí kì í ṣe tèmi."

Mo ní kí ó fi èémí yẹn pa mọ́, yóò nílò rẹ̀.

Nígbà tí a dé ilé ìwòsàn, ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ni àwọn ará orí bẹ́ǹṣì. Bí wọ́n ti rí èjìká yẹn, gbogbo wọn dìde. Àwọn tí wọ́n ń gbé lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pàápàá dìde. Nínú yàrá, Yẹ̀kínì, tí kò ju láńsì kọ́púrà lọ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, wà lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo tó ní ọ́síjìn. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ rọ́bà ọ́síjìn kúrò nímú, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì sàlúùtù. "Ọ̀gá, ẹ máa bọ̀ níbí, sà." Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí àwọn ìyàwó ọ̀gá ṣe ń dúpẹ́, láìwo ojú rẹ̀. Ràmọ́tà fà á jáde lọ sórí bẹ́ǹṣì.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, Aaron ti ń mí dáadáa. Nọ́ọ̀sì Fatihah wọlé, ó ní èémí bàbá ìta yẹn ti ń já, ṣé a lè yọ̀ǹda ọ́síjìn fún un díẹ̀. Kí n tó dáhùn, Aaron ti na ọwọ́ sí rọ́bà imú rẹ̀. Mo di ọwọ́ náà mú lábẹ́ aṣọ ìbùsùn, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo wá wo ọmọbìnrin náà láti òkè dé ilẹ̀.

"Ṣé o mọ ẹni tó sùn síbí?"

Ó ní kí n má bínú, ó sì jáde. Yẹ̀kínì kú lórí bẹ́ǹṣì, orí rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ìyàwó rẹ̀. Ràmọ́tà tún wọlé wá kí wa. Ó ní kí ọkọ òun tó kú, ó sọ pé inú òun dùn pé ọ̀gá ni òun dìde fún. Aaron kọ ojú sí ògiri.

Kò wọ káàkí mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí ọyẹ́ mìíràn dé tí àìsàn tún gbé e, ó ní ẹ̀wù lásán ni òun máa wọ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó sọ fún àwọn tó bá níbẹ̀ pé sájẹ́ǹtì ni òun. Ibẹ̀ náà ló kú sí, ẹnikẹ́ni kò tíì pè é wọlé sọ́dọ̀ dókítà.

Ìkà ni mí, mo gbà. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ di òfin pé èjìká ni kí wọ́n wò kí wọ́n tó wo àyà. Bí ilẹ̀ bá tún mọ́ bí ti ọjọ́ yẹn, màá tún rán ìràwọ̀ náà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọlọ́pàá mú mi, ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ìdí rẹ̀ ni yóò ti bá mi.

Ìyá Wàhábì, Ràmọ́tà, sájẹ́ǹtì ni ọkọ yín dìde fún. N kò bẹ̀ yín nítorí ìràwọ̀. Nítorí ọwọ́ tí mo tẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ aṣọ ni mo ṣe ń bẹ̀ yín, torí ẹni tó ni ọwọ́ náà ti fẹ́ dá èémí ọkọ yín padà. Bí ẹ kò bá lè dárí jì mí, ẹ má ṣàdúrà fún mi mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń múra àtiwọ iṣẹ́ ṣọ́jà, ẹ ó dàgbà, àárẹ̀ ó sì mú yín. Bí ẹ bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ọ̀gá kan wọlé, ẹ má dìde.